Bí Ilé Ìwòsàn Méjì Bá Di Ọ̀kan

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Nítorí náà, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ó bá gbọ́ pé ilé ìwòsàn méjì pa pọ̀ di ọ̀kan, tàbí pé ilé ìwòsàn kan bọ́ sí abẹ́ yunifásítì. Ìdí irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa dára púpọ̀. Ẹ̀rọ tí apá ẹnì kan kò ká láti rà, ẹni méjì a dá owó jọ rà á. Dókítà tí ó pọ̀ ní ìhín a lọ ran ọ̀hún lọ́wọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn a sì rí ibi tí wọn yóò ti fi ojú rí ohun tí ìwé ń sọ. Ní ọjọ́ ìdàpọ̀, wọn a gbé pátákó tuntun kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, àwọn ọ̀tọ̀kùlú a sọ̀rọ̀, ìlù a dún, olúkúlùkù a sì padà sí ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí pátákó kò lè dáhùn. Bí dókítà tí ó wà ní ilé kìíní bá kọ lẹ́tà ní òru, ǹjẹ́ yóò dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì tí ó wà ní ilé kejì kí ilẹ̀ tó mọ́? Bí kò bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, orúkọ nìkan ni ó di ọ̀kan; ilé ṣì jẹ́ méjì síbẹ̀.

Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ yìí dáadáa. Ní ọdún 1907 ni àwọn oníṣẹ́ ìhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ní ìlú náà, tí Dókítà George Green sì jẹ́ oníṣègùn wọn. Iṣẹ́ kékeré yìí dàgbà di ilé ìwòsàn ńlá tí àwọn ènìyàn ń wá sí láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ó di ọdún 2009, ilé ìwòsàn yìí kan náà di ibi ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn fún Yunifásítì Bowen, ó sì gba orúkọ yunifásítì náà. Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi tí ó gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1850, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì ọ̀hún. Ṣùgbọ́n yunifásítì náà kò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwó ni ó wà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Báyìí ni ilé kan ṣoṣo ṣe fi ẹsẹ̀ kan lé ìlú kan, tí ó sì fi ẹsẹ̀ kejì lé ìlú mìíràn ní ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ìtàn kejì, ní Ògbómọ̀ṣọ́ kan náà, fi hàn pé bí ilé ti ń dàpọ̀ náà ni ilé ń pín. Ní ọdún 1990 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ìlú náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá pè é, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1959. Nígbà tí a yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ ni yunifásítì náà. Òṣogbo ni ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ wà. Nígbà tí ó yá, Ọ̀yọ́ tún ní tirẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyẹn ni pé orúkọ kan náà wà lára ilé ìwòsàn ní ìlú méjì. Ní ọdún 2020 ni àjọni náà dópin: yunifásítì di ti Ọ̀yọ́ nìkan, ilé ìwòsàn tí ó wà ní Òṣogbo dúró sọ́wọ́ Ọ̀ṣun, ó sì ń jẹ́ orúkọ yunifásítì ìpínlẹ̀ náà lónìí.

Ẹni tí ó bá ronú sí ìtàn méjèèjì yóò rí i pé ìdàpọ̀ àti ìpínyà ilé ìwòsàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan. Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí irú rẹ̀ bá sì ṣẹlẹ̀, ohun tí ojú kò rí ni ó máa ń ṣòro jù láti tò: ta ni yóò máa kọ̀wé sí ta, ní orúkọ wo, níbo ni a ó sì ti rí ìwé náà bí a bá ń wá a lọ́la?

Àwọn ará Ọ̀yọ́ àtijọ́ kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìjọba ńlá kò lè dúró bí ọ̀nà ìjíṣẹ́ rẹ̀ kò bá gún. Àwọn ìlàrí ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ Aláàfin. Wọn a máa fá apá kan orí wọn, kí ẹni tí ó bá rí wọn lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé láti ààfin ni wọ́n ti wá. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ àṣírí, àrokò ni wọn a fi rán an. Owó ẹyọ mẹ́fà a máa sọ pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí ẹni tí ó ránṣẹ́ sí. Owó ẹyọ mẹ́jọ a sì máa sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n àrokò kò ní agbára kankan bí ẹni tí ó rán an àti ẹni tí ó gbà á kò bá jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò ka owó ẹyọ mẹ́jọ sí owó ọjà lásán, yóò sì ná an.

Ímeèlì òde òní kò yàtọ̀ sí èyí ní ti ìpìlẹ̀. Ní ọdún 1971 ni Ray Tomlinson, ará Amẹ́ríkà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà, fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí inú òmíràn tí a so pọ̀ mọ́ ọn. Òun náà ni ó sì yan àmì @ tí ó wà ní àárín gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì títí di òní. Ohun tí ó ṣáájú àmì yìí ni orúkọ ẹni. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni orúkọ ilé tí ẹni náà wà. Nígbà tí ilé ìwòsàn méjì bá dàpọ̀, tí orúkọ ilé tí ó tẹ̀lé àmì náà ṣì jẹ́ méjì, ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wọn yóò jẹ́ méjì pẹ̀lú. Kàlẹ́ńdà ìpàdé wọn yóò jẹ́ méjì. Àpótí tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ sí nínú kọ̀ǹpútà yóò jẹ́ méjì. Ẹni tí ó wà ní ilé kìíní yóò wá orúkọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé kejì títí, kò ní rí i, bí ẹni pé wọn kì í ṣe ọmọ baba kan náà.

Kí ènìyàn fi ojú inú wo aboyún kan tí wọ́n ń gbé láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní òru, ìrìn àjò tí ó tó nǹkan bí 50 kìlómítà. Ilé ìwòsàn tí ó ti kúrò àti èyí tí ó ń lọ ti di ọ̀kan láti ọdún kan sẹ́yìn. Kí ọkọ̀ tó gbéra, nọ́ọ̀sì ní Ọ̀yọ́ jókòó, ó kọ oògùn tí wọ́n ti fún un, ó kọ oògùn kan tí ara rẹ̀ kọ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ lórí ímeèlì. Ó ṣe ojúṣe rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń ṣí i mọ́ láti ìgbà tí dókítà tí ó ni ín ti lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Àpótí náà gba lẹ́tà náà, kò dá a padà, kò sì ké sí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí aboyún dé, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà ní ara rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù kiri, wákàtí kan sì lọ. Nínú gbogbo wọn, ta ni ó ṣẹ̀? Kò sí ẹni tí ó ṣe ìmẹ́lẹ́. Kò sí ẹni tí ó hu ìwà ìkà. Àwọn tí ó da ilé pọ̀ tí wọn kò da ọ̀nà pọ̀ ni ó jẹ̀bi.

Àwọn kan a máa sọ pé kí olúkúlùkù máa lo ohun tí ó ti mọ́ ọn lára. Wọn a ní owó kò sí, iná mànàmáná kò dúró, àwọn òṣìṣẹ́ sì ní fóònù lọ́wọ́ tí wọ́n lè fi kọ̀wé sí ara wọn lórí WhatsApp. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà tí ó lo fóònù ara rẹ̀ ní òru láti gba ẹ̀mí là kò ṣe ohun tí ó burú. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń yọ nínú ewu kò yẹ kí ó di ilé tí a ń gbé. Fóònù jẹ́ ti ẹni tí ó rà á. Bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti gbé àkọsílẹ̀ aláìsàn lọ. Bí olè bá jí i ní ọjà Akẹ̀sán, àṣírí ìyá oníyàá ti di ohun tí olè ń kà. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wá gba ìwòsàn, òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 sì tún fi ìdí ẹ̀tọ́ olúkúlùkù múlẹ̀ lórí ohun tí a kọ nípa rẹ̀. Ní ti owó, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣírò iye tí ìdàpọ̀ yóò gbà ni ó yẹ kí wọ́n ti ka ti ọ̀nà ìjíṣẹ́ mọ́ ọn. Ẹni tí ó kọ́ ilé tí kò ronú ilẹ̀kùn kò lè sọ pé owó ilẹ̀kùn ni ó pọ̀ jù.

Bí ó bá wá jẹ́ dandan kí ọ̀nà di ọ̀kan, báwo ni ó ṣe yẹ kí a ṣe é? Ohun àkọ́kọ́ ni ìwé orúkọ. Kí a kọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ ilé méjèèjì, láti ọ̀gá àgbà dé ọ̀dọ̀ awakọ̀, kí olúkúlùkù sì ní àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo tí ó dá yàtọ̀. Iṣẹ́ yìí kò rọrùn bí ó ti rí létí. Kì í ṣe Adébáyọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí Adébáyọ̀ tí ń po oògùn bá wà ní ilé kìíní, tí Adébáyọ̀ tí ń wa ọkọ̀ sì wà ní ilé kejì, lẹ́tà tí ó yẹ ọ̀kan kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ èkejì.

Ohun kejì ni pé kí a má ṣe sin àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní ọjọ́ tí a sọ tuntun lórúkọ. Orúkọ tí àwọn ènìyàn mọ ilé kan sí láti ọdún gbọọrọ kì í kú lẹ́nu wọn ní ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni àdírẹ́ẹ̀sì tí a ti kọ sí ara káàdì, sí ara ìwé oògùn àti sínú fóònù àwọn ẹbí aláìsàn kò lè parẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan. Kí a ṣètò rẹ̀ kí lẹ́tà tí ó bá lọ sí àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ máa yà lọ sí tuntun fúnra rẹ̀, fún ọdún púpọ̀. Ewu mìíràn sì wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Orúkọ ilé tí ó tẹ̀lé àmì @ jẹ́ ohun tí a ń sanwó fún láti ìgbà dé ìgbà. Bí ilé ìwòsàn bá pa á tì, tí kò sanwó mọ́, ẹlòmíràn lè rà á, lẹ́tà àwọn aláìsàn tí kò mọ̀ yóò sì máa wọlé tọ àjèjì náà lọ.

Ohun kẹta ni ẹ̀dà. Kí a tó kó àkọsílẹ̀ kúrò ní ibi kan lọ sí ibòmíràn, kí a ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Ìlú Ọ̀yọ́ ní ẹ̀rí ńlá lórí èyí. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó jẹ́ olùṣọ́ àgùntàn ìjọ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun láti tẹ̀, ìwé náà sì sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní ọdún 1901, ojú rẹ̀ kò sì rí ìwé náà. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dókítà, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé ìṣáájú tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, tí ó sì tún un kọ. Nígbà tí ó fi í ránṣẹ́ ní ọdún 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì nínú ogun, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Bí kò bá sí àwọn ìwé ìṣáájú tí ó wà nílé, púpọ̀ nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ì bá ti bá ìwé kan ṣoṣo lọ. Dókítà ni ó gba ìwé náà là. Àwọn dókítà òní kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo kò ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ti ń lo ètò ímeèlì kan náà, lẹ́tà ìdánwò kan ṣèèṣì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ju 800,000 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fèsì sí gbogbo ènìyàn pé kí a yọ orúkọ àwọn kúrò, àwọn mìíràn sì fèsì pé kí wọ́n má ṣe fèsì mọ́. Bí ìlẹ̀kùn kan ti ń ṣí ni òmíràn ń ṣí, títí lẹ́tà gidi fi há sí àárín ariwo. Ọ̀nà tí ó so gbogbo ènìyàn pọ̀ lè gbé àṣìṣe ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé kí a padà sí ọ̀nà méjì. Ìlú àtijọ́ a máa ní odi kan, a sì máa ní oníbodè ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí ó rí níhìn-ín: kí ọ̀nà jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí ìwọ̀nba ènìyàn ní àṣẹ láti kọ̀wé sí gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, kí akọ̀wé má lè ṣí fáìlì tí kò kàn án, kí olúkúlùkù sì pa ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ mọ́ bí ẹni pa kọ́kọ́rọ́ àpótí owó mọ́.

Ohun kan tún wà tí ó ju ẹ̀rọ lọ. Nígbà tí ilé ńlá bá bá ilé kékeré dàpọ̀, ilé ńlá a máa fẹ́ kí ohun gbogbo rí bí tirẹ̀. Àṣìṣe ni èyí. Ó lè jẹ́ pé ilé kékeré ni ó ní ọ̀nà tí ó dára jù láti pín iṣẹ́ òru, tàbí láti to àkọsílẹ̀ àwọn ọmọdé. Kí àwọn ọ̀gá tó yan èyí tí wọn yóò lò, kí wọ́n bi nọ́ọ̀sì tí ń ṣiṣẹ́ òru, kí wọ́n bi akọ̀wé tí ń wá káàdì, kí wọ́n bi ẹni tí ń pe àwọn ẹbí aláìsàn. Àwọn ni yóò lò ó nígbà tí àwọn ọ̀gá bá ti sùn. Kí wọ́n fi sùúrù kọ́ àwọn àgbà òṣìṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà kò tíì mọ́ lára, láìfi wọ́n ṣẹ̀sín. Nítorí pé iná a máa lọ, kí ìwé àti bírò máa wà nítòsí, kí ẹni tí ó fi ọwọ́ kọ̀wé ní òru sì mọ ibi tí yóò kọ ọ́ sí ní àárọ̀.

Nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń ka ìwé lónìí ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn kan yóò di dókítà, àwọn kan yóò di nọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn yóò di ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ṣeé ṣe kí ilé tí wọn yóò bá ṣiṣẹ́ dàpọ̀ mọ́ òmíràn ní ojú wọn. Ní ọjọ́ náà, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìlù àti pátákó tuntun tó wọn. Kí wọ́n béèrè ibi tí lẹ́tà aláìsàn yóò gbà. Ìlàrí tí ó jẹ́ iṣẹ́ ọba dé ibi tí a rán an ni a ń yìn. Ilé ìwòsàn tí iṣẹ́ aláìsàn kò sọnù nínú rẹ̀ ni ó tọ́ kí a pè ní ilé kan.